Wọ́n Ní DNS Mi Ló Pa Haleem

…àti pé níwájú gbogbo ilé ni o! Níwájú gbogbo ilé ni Haleem ti nàka sí mi lánàá, tó ní DNS tí mo yí padà ló pa òun. Ó pa á! Haleem tó jẹ ìrẹsì lálẹ́ àná tó tún bu kún un, tó jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ yìí, òun náà ni wọ́n pa. Nínú géèmù ló ti kú. Nínú fóònù! Ó ń gun àkàsọ̀ kan lọ tòun tìbọn lọ́wọ́, àwòrán gan, kò lọ, kò bọ̀, nígbà tí yóò sì fi mira, àwọn ọ̀tá ti yìnbọn pa á tán. Bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ṣe já bọ́ nínú ìdíje àdúgbò nìyẹn, nígbà tó ku eré kan péré kí wọ́n dé àṣekágbá. Ta ló wá jẹ̀bi? Ṣé Haleem tó ń gun àkàsọ̀ láì bojú wẹ̀yìn ni? Rárá o. Taslimah ni. Taslimah tí kì í ta géèmù kankan, tó kàn ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, tó fọwọ́ kan DNS lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Àǹtí Taslimah ni wọ́n fọwọ́ kàn án! Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ó ń ṣe dáadáa!"

Ó rántí "wọ́n". Ẹ gbọ́ mi, ó rántí ọ̀wọ̀. Ọmọ àbúrò bàbá mi tí mo gbé pọ̀n, tí mo nu imú fún, ó ń fi "wọ́n" bà mí jẹ́ lójú ayé.

Bàbá Jíbrílù náà sì gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àwọn ni olórí ilé, ohun tí wọ́n bá sọ ní agbo ilé yìí, abẹ gé e. Wọn ò bá Haleem wí. Wọn ò ní kó panu mọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní, "Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àlàsárì, ká jókòó." Ká jókòó! Bí ẹni pé ilẹ̀ ìdílé ni mo tà. Lórí DNS. Lórí ohun tí kò sí ẹnì kan nínú ilé yìí tó mọ̀ bóyá jíjẹ ni tàbí mímu.

Òní ni ọ̀la ọ̀hún. Mo jókòó sí fàráńdà òkè yìí láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Àìlà tán, mo ń to ọ̀rọ̀ mi. Inú ń bí mi. Kí ló dé tí inú ò fi ní bí mi? Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe: wọ́n fẹ́ gba ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé, lọ́wọ́ mi, kí wọ́n kó o fún Haleem. Wọ́n á ní ọkùnrin ni, ojú ẹ̀ là sí i. Àti pé bí ráútà bá lọ… bí ráútà bá lọ, Ẹ̀ńjínía náà lọ nìyẹn.

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. Ẹ̀ńjínía. Láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá. Kó tó dìgbà náà, kí ni wọ́n ń pè mí? Nínú ilé yìí, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe obìnrin. Ìyá Haleem. Ìyá Azeemah. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí n ò tíì bí, tí ọkùnrin Ẹ̀gbá kan ní òun ń bọ̀ wá mọlé, tó ṣì ń bọ̀ títí dòní — "Taslimah, bá mi bu omi." "Taslimah, wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn." Kódà Azeemah tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù, tó ń lọ ilé ọkọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti ń pàṣẹ fún mi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀ńjínía! "Ẹ̀ńjínía, ẹ wá bá wa wò ó." Ẹ o! Àwọn tó jù mí lọ ń fi "ẹ" pè mí. Ta ló máa ní irú èyí lọ́wọ́ tí yóò jẹ́ kí ọmọdékùnrin kan tó kú sórí àkàsọ̀ gbà á lọ?

Ó tó. Kí n to ọ̀rọ̀ mi.

Màá kúnlẹ̀. Màá kí Bàbá. Màá ní, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ilé wa yìí ṣàlàyé. Bí àlejò bá ti Ìjẹ̀bú wá, tó ń wá ilé wa, tó mọ orúkọ wa ṣùgbọ́n tí kò mọ ojúlé, kí ló máa ṣe? Yóò bọ́ọ́lẹ̀ lápá Ìga Ìdúńgànrán, yóò béèrè lọ́wọ́ bàbá aránṣọ tó máa ń jókòó síta. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ilé Bàbá Jíbrílù?" Aránṣọ á ní, "Yà sápá òsì, ojúlé kẹta." Ó parí. Àlejò dé, ó jókòó, a gbé oúnjẹ fún un. Bí oúnjẹ bá wá há a lọ́fun, ṣé aránṣọ la fẹ́ lọ mú? Aránṣọ yẹn ni DNS. Gbogbo ilé tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní orúkọ, ó sì ní nọ́ńbà. Àwa mọ orúkọ, nọ́ńbà ni fóònù ń wá. DNS ló ń sọ pé, orúkọ báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Tó bá ti sọ ọ́ tán, ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Gbogbo ìbọn tí Haleem ń yìn lẹ́yìn náà, gbogbo àkàsọ̀ tó ń gùn, DNS ò sí níbẹ̀. Kò gbọ́. Kò rí i.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dáa gan-an. Ta ló máa gbọ́ èyí tí kò ní yé?

Mo gbà — èmi kì í ṣe òpùrọ́ — mo gbà pé afinimọ̀nà tó bá ń tòògbé lè mú kí géèmù pẹ́ kó tó ṣí. Mo sì gbà pé afinimọ̀nà tí kò mọ Èkó lè ní kí àlejò tó ti dé Ìga padà lọ gba Ìkòròdú wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó; ìyẹn ni pé ó lè júwe ilé géèmù tó wà lókè òkun lọ́hùn-ún nígbà tí èyí tó súnmọ́ wa wà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo yẹ̀ ẹ́ wò! Ojúlé kan náà ni DNS àtijọ́ àti tuntun júwe. Mo wo píńgì pàápàá, ìyẹn iye àkókò tí fóònù fi ń ké pe ilé géèmù títí wọ́n fi máa dá a lóhùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n tó kúrò nínú yàrá, mo wò ó. DNS àtijọ́: mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. DNS tuntun: mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Kò fi ẹyọ kan lé, kò fi ẹyọ kan dín. Mo ya àwòrán méjèèjì sórí fóònù mi. Kí Haleem wá kà á. Ó lọ síléèwé.

Àti pé ta ló bẹ̀ mí? Ta ló wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ láàárọ̀, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń fọwọ́ pa ara bí ológbò? "Àǹtí Taslimah, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la la máa ta á o. Ẹ bá wa fi DNS tuntun sí i, irú tìgbà ààwẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe." Òun ni! Òun fúnra rẹ̀! Mi ò lọ bá a. Mi ò polówó fún un. Òun ló bẹ̀ mí, èmi náà sì…

Èmi náà sì ṣe é. Ìyẹn náà dáa. Ẹni bá béèrè ohun tó fẹ́, kó gba ohun tó rí.

Kí n lọ sórí èyí tó ṣe kókó, èyí tó máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́ pátápátá. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n! Láàárọ̀ yìí ni mo ṣílẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀ níbi tí ráútà wà, mi ò rí ráútà. Mo wá ojú fèrèsé, mi ò rí fèrèsé. Ẹrù ìyàwó Azeemah ni mo rí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti Jímọ̀ dé, tí èmi ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà tí mò ń ta ṣájà fóònù, ni wọ́n kó gbogbo ẹrù náà wọ yàrá yẹn: ìkòkò irin ńláńlá mẹ́fà tó wọnú ara wọn, abọ́ tánganran tó ga dé àjà, páànù, àwo, kúlà, àpótí irin. Wọ́n tò wọ́n yí ráútà ká bí ẹni mọ odi ìlú. Wọ́n dé ìkòkò kan lé e lórí! Wáì-fáì tó yẹ kó máa fẹ́ yẹ́ẹ́ bí atẹ́gùn, wọ́n dé ìkòkò lé e lórí, wọ́n wá ń bi mí pé kí ló dé tí kò fẹ́.

Mo gbé fóònù lọ sí pálọ̀, níbi tí àwọn Haleem jókòó sí ta géèmù wọn. Píńgì: ẹgbẹ̀ta ó lé, ó sì ń já, ó ń so. Mo padà, mo gbé ìkòkò méjì kúrò lójú ọ̀nà. Àádóje! Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Mo fẹ́ pariwo. Mo wá rọra gbé ìkòkò méjèèjì padà síbi tí mo ti gbé wọn, torí mo fẹ́ kí gbogbo wọn fojú ara wọn rí i lẹ́yìn ìrun. Kí Haleem jókòó sí pálọ̀, kó di fóònù mú, kí n gbé ìkòkò, kí ojú tì í. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá! Ìkòkò ń bẹ nílẹ̀, Taslimah ni wọ́n ń mú.

Bó ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti tò. Àlejò àti aránṣọ, lẹ́yìn náà píńgì, lẹ́yìn náà ìkòkò. Màá wá fi òwe kan dé e lórí, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a…

Kí ló wá dé tí inú mi ò dùn?

Ó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ kí n ti wà nísàlẹ̀ báyìí, kí n máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀ nípa ìkòkò, mi ò sọ fún ẹyọ ẹnì kan. Ojú ni mo fẹ́ kó ti Haleem. Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn.

Bàbá Jíbrílù ni. Ẹ̀rù ẹnu wọn ló ń bà mí, mo gbà. Akọ̀wé kóòtù ni wọ́n fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀ láì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n á gbọ́ mi tán. Wọ́n á bọ́ awò ojú. Wọ́n á nù ún. Wọ́n á ní, "O ṣeun, Ẹ̀ńjínía. Ó yé mi. DNS kò lágbára kankan lórí géèmù. Ìkòkò ló bà á jẹ́." Wọ́n á fi awò padà sójú. Wọ́n á wá ní…

Rárá. Haleem ni mò ń bá jà. Haleem tí kò mọ̀ —

Wọ́n á ní, "Kí ló wá tún un ṣe nígbà ààwẹ̀?"

…

Ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀ ni. Ráútà wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù irin bàbá àgbà nígbà yẹn, níbi tí ẹni tó wá fà á fún wa gbé e sí. Gbogbo nǹkan ń fà. Tàfúsírì, ìtumọ̀ Kùránì tí Bàbá máa ń gbọ́ lórí fóònù, á sọ gbólóhùn kan, á gan. Haleem ń kú nínú géèmù nígbà náà náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Mo wá gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń ra ṣájà lọ́wọ́ mi pé DNS ni, pé ẹni bá yí DNS, géèmù á máa sáré. Mo délé ní ọ̀sán, mo kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé, mo wọ yàrá. Àǹtí Àmúdàtù, àbúrò bàbá mi obìnrin, wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbálẹ̀. Aṣọ ni wọ́n dì mọ́mú, eruku bo gbogbo irun wọn. "Taslimah, mo ti bá yín gbé nǹkan yín tó ń tanná wínníwínní yẹn kúrò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù o. Aáyán ti fibẹ̀ ṣelé. Mo gbé e sójú fèrèsé."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Mi ò tiẹ̀ wojú wọn. Mo tẹ nọ́ńbà mi.

Lẹ́yìn ìṣínu, ariwo sọ. Tàfúsírì Bàbá ò já mọ́. Haleem ń fò láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, "Àǹtí Taslimah ti ṣe é! DNS ni! DNS ni!" Bàbá pè mí jókòó. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ṣàdúà fún mi, àdúà tí wọn ò ṣe fún mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. "Láti òní lọ, Ẹ̀ńjínía la ó máa pè é." Gbogbo ilé ṣàmín. Ohùn Àǹtí Àmúdàtù ló ròkè jù. Mo gbọ́ ọ. Wọ́n ṣàmín, wọ́n fọwọ́ pajú, wọ́n dìde lọ fọ àwo.

Ṣé mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Ọjọ́ kejì ni mo mọ̀, nígbà tí mo ń fọ́nnu fún Dáfídì tó ń tún ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn wá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Sister, DNS no dey play game o. Na address e dey find. You sure say nobody move that router?" Ó ń bi mí bóyá ẹnì kan ló sún ráútà. Òun ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo píńgì. Àní àlejò tó ń béèrè ọ̀nà yẹn, òwe Dáfídì ni. Mo kàn fi Ìga kún un ni.

Ọjọ́ kan péré. Ọjọ́ kan péré ni mo fi gba orúkọ yẹn láì mọ̀. Gbogbo ọjọ́ tó kù, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́? Nígbà tí Haleem bẹ̀ mí, ṣé ohun tí mo sọ ni pé, "Haleem, jókòó, DNS ò lè ràn yín lọ́wọ́"? Mo ní kó bọ́ sẹ́yìn. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tan fóònù. Mo tilẹ̀kùn mọ́ra mi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan, mo fi ìdajì wákàtí ṣe é, tí mo jókòó sórí àga nínú yàrá yẹn tí mò ń wo àwòrán bàtà lórí fóònù. Mo mọ̀ pé mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ni, mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ló sì máa jẹ́. Mo wá ṣílẹ̀kùn, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí mi. Kò sí òógùn kankan níbẹ̀. Haleem ní, "Àǹtí, ẹ ti pa wọ́n!" Mo ní, "Ẹ lọ fi ọkàn balẹ̀."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ẹní ìrun nísàlẹ̀. Wọ́n ti ń fa àga.

Ọ̀nà kan ṣì wà. Mo lè kúnlẹ̀, kí n ní, "Bàbá, ẹ má bínú, DNS yẹn ló le jù fún ráútà wa, mo ti dá tàtijọ́ padà." Tí gbogbo wọn bá ti lọ tán, kí n rọra sún ìkòkò. Á sáré. Wọ́n á tún ṣàdúà. Haleem pàápàá á tọrọ gáfárà. Bóyá nítorí èyí ni mo ṣe gbé ìkòkò méjèèjì padà láàárọ̀, tí mò ń sọ fún ara mi pé Haleem ni mo fẹ́ dójú tì. Àbí kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi, kí Ẹ̀ńjínía bá ẹ̀bi lọ. Méjèèjì ò ṣeé pín. Bí DNS ò bá ba nǹkan kan jẹ́ lánàá, kò tún nǹkan kan ṣe nígbà ààwẹ̀. Ìgbálẹ̀ Àǹtí Àmúdàtù ló tún un ṣe, mo sì jẹ́ kí wọ́n ṣàmín sí i.

Mo dìde. Mo gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀. Haleem ló kọ́kọ́ gbójú sókè wò mí, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, ó dá a lójú dáadáa pé DNS ló ṣe òun báyìí. Kí ló ṣe tí kò fi ní dá a lójú? Ta ló kọ́ ọ? Ọmọ yìí ò parọ́ mọ́ mi. Irọ́ mi ló gbọ́, tó gbà gbọ́, tó ń sọ padà fún mi níwájú gbogbo ilé.